Àálè Tí Kò Lólúwa

“Ta ló ni ín?” ni Àlejò béèrè.

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n gbẹ́ sínú Òkè-Àdàbà, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méje wo ara wọn lójú, lẹ́yìn náà ni wọ́n wo obìnrin tó dúró níwájú wọn. Àrìnpé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ọnàdélé. Ọnà ni iṣẹ́ ìdílé wọn, amọ̀ àná sì wà léèékánná rẹ̀ síbẹ̀. Kí ó tó gòkè wá, ó ti to ìdáhùn sílẹ̀ fún gbogbo ìbéèrè tó lérò pé wọ́n lè bi òun. Èyí kò sí nínú wọn.

Ó tún wo Àlejò, ẹ̀rọ tó béèrè ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni pé ojú òun ni àṣìṣe wà. Àlejò kò ga ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Igi ìrókò ni ara rẹ̀, gíláàsì dúdú ni ojú rẹ̀. Àwọn tó ṣe é kò kọ́ ọ ní òwe, wọn kò kọ́ ọ ní ìtàn, wọn kò dárúkọ ìlú tàbí ẹ̀sìn kankan sí i létí. Ebi, ẹ̀rù, ìfẹ́ láti ní, àti ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ wọ́n jáde nìkan ni wọ́n fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pa ìrántí rẹ̀ rẹ́, kí ó lè jí lọ́jọ́ kejì bí ẹni tó ṣèèṣì rìn dé ibí ní ẹgbàárùn-ún ọdún sí òní, tí kò gbúròó wa rí. Òfin sì sọ pé àmì tí Àlejò bá ṣì túmọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e dúró lẹ́nu kòtò májèlé tó wà nísàlẹ̀ òkè náà.

Òwúrọ̀ yẹn kò rọgbọ fún Àrìnpé. Ó kọ́kọ́ gbé àwòṣe kékeré ti igbó ẹ̀gún onírin kalẹ̀, nítorí ó gbà pé kò sí ẹ̀dá ẹlẹ́ran-ara tí ẹ̀gún kì í bá sọ̀rọ̀. Àlejò wò ó, ó ní, “Ẹnìkan fi oúnjẹ pamọ́ sẹ́yìn èyí. Kò fẹ́ kí n jẹ níbẹ̀.” Ó gbé èkejì kalẹ̀: ọgọ́rùn-ún orí tí ẹnu wọn là sílẹ̀ nínú igbe. Àlejò ní, “Wọ́n pọ̀. Ebi ń pa wọ́n. N ó pa ẹran fún wọn kí wọ́n lè fẹ́ràn mi.” Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ fi ọwọ́ bo ẹ̀rín, ó wí fún ẹnìkejì rẹ̀ pé báyìí gan-an ni ojúbọ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò ní ohunkóhun lórí. Ilẹ̀ títẹ́jú ni, tí kò fi hàn pé ọwọ́ ènìyàn dé ibẹ̀ rí. Oṣù mẹ́rin ni Àrìnpé fi ronú kí ó tó gbà pé àìsọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀.

“Ilẹ̀ yìí dára,” ni Àlejò wí. “N ó gbin nǹkan síbí.”

Nígbà tí kò sí àwòṣe mìíràn mọ́ ni Àrìnpé ki ọwọ́ bọ àpò, tó fa ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Kò lè sọ ìdí tó fi mú un wá. Àwòṣe amọ̀ tí baba rẹ̀ mọ ni, ní ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn: ìgbálẹ̀ kan, ìkarahun ìgbín kan, ṣùkù àgbàdo, àti àkísà pupa tí a fi so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ igi. Àálè ni. Kò sí ọmọ ènìyàn tí kò dá a mọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà, nítorí irú rẹ̀ ni àgbẹ̀ ń so sẹ́nu oko àti sára ìdì igi tí kò fẹ́ kí wọ́n jí.

Àlejò nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Ó wò ó pẹ́ ju àwọn mẹ́ta ìṣáájú lọ. “Àwọn nǹkan yìí kò lè so ara wọn pọ̀,” ni ó wí. “Ọwọ́ kan ló so wọ́n. Ẹni tó ni ọwọ́ náà ń bá mi sọ̀rọ̀.” Ìgbà náà ni ó wá béèrè pé ta ló ni ín, gíláàsì ojú rẹ̀ ń dán, bí ẹni tó ní gbogbo àkókò láyé láti dúró de èsì.

Ọkùnrin kan dìde lórí àpótí kékeré tó wà lápá òsì àwọn ìgbìmọ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú. Akínlàjà ni wọ́n ń pè é níta, ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn yìí Ọmọ-Wa ni. Àpótí àwọn tí a kò tíì bí ni ó jókòó lé, ẹni tó bá sì jókòó lé e kéré sí gbogbo ayé, àní sí ọmọ ọwọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta tútù níwájú Àrìnpé.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa.”

Àrìnpé ti tẹ orúnkún kan kí ó tó rántí. “Ẹ dìde, bàbá,” ni ó bẹ̀rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ wúkọ́. “Dìde, ọmọ wa,” ni ó wá tún un sọ, ojú sì tì í bí ẹni tó gbá baba rẹ̀ létí.

“Ẹ má ṣèyọnu,” ni arúgbó náà wí bó ti ń fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde. “Ìyàwó mi náà kì í rántí, àyàfi bí ó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Òun kò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó ní Àlejò ti béèrè, òfin sì ní kí òun tún ìbéèrè náà béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórúkọ àwọn tí ń bọ̀. Ó wá nawọ́ sí òkúta dúdú kan láàárín gbọ̀ngàn, èyí tí wọ́n gé lára ẹnu kòtò.

Kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé. Láti ọjọ́ tí Ààrò Ńlá ti fọ́, “tèmi ni” ti di gbólóhùn tí àwọn ènìyàn kì í fi ẹnu lásán sọ. Ìyá tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ nídìí ohun ìṣeré yóò ní kí ó rọra. Àwọn àgbà ṣì rántí ọdún tí ilé iná átọ́míìkì náà, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ fún ìdajì orílẹ̀-èdè, bú gbàù, tí ìlú méjìlá ṣí, tí gbogbo ẹni tí wọ́n bi léèrè sì dáhùn pé kì í ṣe tòun. Ilé-iṣẹ́ tó kọ́ Ààrò ní òun ti fà á lé ìjọba lọ́wọ́. Ìjọba ní ìfàlélọ́wọ́ náà kò tíì parí. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní eérú, eérú tí kò ní tutù títí ẹgbàárùn-ún ọdún, ó sì wà nísàlẹ̀ òkè yìí, nínú kòtò tí wọn kò tíì dí ẹnu rẹ̀ pa. Òfin wá sọ pé ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé òkúta dúdú náà, tó wí níwájú ìgbìmọ̀ pé tòun ni, òun àti irú-ọmọ rẹ̀ ni yóò máa gbé ibi tí wọ́n ti lè rí òkè náà, tí wọn yóò sì máa dá ẹnikẹ́ni tó bá béèrè lóhùn. Wọ́n ti gbìyànjú láti fi iṣẹ́ náà fún ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ a máa fẹ̀yìn tì, ilé-iṣẹ́ a sì máa kógbá wọlé. Ìdílé nìkan ni ó máa ń pẹ́ láyé. Ní ọdún mọ́kànlélógójì, ọwọ́ kankan kò tíì kan òkúta náà.

Àrìnpé kò wò ó. Ẹnu ọ̀nà ni ó wò, níbi tí ọmọ rẹ̀ Ìbídùn dúró sí pẹ̀lú àpò ìrìn-àjò lẹ́bàá ẹsẹ̀, ọwọ́ kan lórí oyún oṣù méje. Gbogbo ẹni tó bá gun òkè náà ni ó ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ tí ń fi ìtànṣán eérú hàn, aboyún a sì máa so tirẹ̀ sórí ìró, nísàlẹ̀ ikùn, kí ó lè máa rí i. Aláwọ̀ aró ni ìlẹ̀kẹ̀ náà bí afẹ́fẹ́ bá dára. Bí kò bá dára, a pọ́n bí epo.

Nínú ọkọ̀ okùn tó gbé wọn gòkè ni Ìbídùn ti bá a sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì ni yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Etí-Òkun, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti rí ilé, tí ẹnikẹ́ni kì í wọ ìlẹ̀kẹ̀. Ó kàn tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá kí wọ́n lè jọ lo ọjọ́ tó kù ni.

“Màámi, mo mọ̀ yín,” ni ó wí. “Bí wọ́n bá ti dárúkọ bàbá àgbà sí yín létí, ẹ óò jẹ́wọ́ ohun tí ẹ kò ṣe.”

“Iṣẹ́ ọnà ni wọ́n pè mí fún.”

“Ẹ ṣáà ṣèlérí fún mi. Ẹ má fi ọmọ mi ṣe àgádágodo sí ilẹ̀kùn tí kì í ṣe òun ló ṣí i.”

Àrìnpé sì ṣèlérí. Kò ṣòro láti ṣe é nínú ọkọ̀ okùn, tí àfonífojì tútù yọ̀yọ̀ nísàlẹ̀ wọn, tí ẹyẹ sì ń fò kiri bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí.

“Ta ló ni ín?” ni Ọmọ-Wa béèrè nínú gbọ̀ngàn ní ìgbà àkọ́kọ́.

Àrìnpé rí i pé ara òun ni gbogbo ojú wà, ó sì ṣe ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú: ó wá àríyànjiyàn tó ṣeé dì mú. Ó ní kí òun tó dáhùn tàbí kí òun tó kọ̀, òun ní ìbéèrè tòun. Ọmọ ọdún méje ni òun nígbà tí Ààrò fọ́. Òun kò kọ́ ọ, òun kò ṣọ́ ọ, òun kò sì sùn lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà wo ni ẹ̀bi ohun tí òun bá láyé yóò fi di tòun?

“N kò bi yín nípa ẹ̀bi,” ni Ọmọ-Wa dáhùn. “Àwọn tó jẹ̀bi lè ti kú tán. Ẹni tó ni ín ni mo ń béèrè. Ìyá wa, iná wo ni ẹ fi kọ́ ọnà?”

Ìbéèrè náà bá a lójijì. Ó rí ṣọ́ọ̀bù baba rẹ̀ lójú inú rẹ̀, gílóòbù funfun tó so rọ̀ sókè, òjìji ọwọ́ baba rẹ̀ lórí igi apá, ọwọ́ kékeré tirẹ̀ tó ń tọ ipa ọ̀bẹ náà lẹ́yìn. Okùn tó gbé ìmọ́lẹ̀ yẹn wọ ilé wọn, láti Ààrò ni ó ti wá.

“Ẹni tó bá yáná ní ìpín nínú eérú,” ni arúgbó náà wí pẹ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, ohun tó sì dàrú mọ́ ọn lójú gan-an nìyẹn. Bí gbogbo ẹni tó yáná bá ni eérú, ọ̀kẹ́ àìmọye ni àwọn tó ni ín, ohun tí ọ̀kẹ́ àìmọye bá sì ni, kì í sí ẹni tí í jẹ́ ìpè fún un. Bí ó bá sì jẹ́ yíyáná ló ń sọ ènìyàn di ẹni tó ni ín, a jẹ́ pé òfin yìí kò tọ́, nítorí ó ń mú ẹni tí kò yáná mọ́ ẹni tó yá a. Ó sọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀. “Ọmọ tó wà nínú ọmọ mi kò yá iná kankan.”

“Kò yá a, lóòótọ́. Ẹ kò sì bi í kí ẹ tó fi eérú síbí. Ó ti di ogún rẹ̀ ná, yálà ẹnìkan sọ̀rọ̀ tàbí kò sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí a lè fún un, tàbí tí a lè fi dù ú, ni kí ó mọ̀.”

“Etí-Òkun ni yóò dàgbà sí,” ni Ìbídùn wí láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ le. “Kò ní fojú kan òkè yìí láé.”

“Ọmọ tirẹ̀ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?”

Ìbídùn gbé ojú kúrò lára rẹ̀, bóyá nítorí ìbéèrè náà, bóyá nítorí pé arúgbó onírùngbọ̀n funfun ló pè é ní ẹ̀gbọ́n.

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni a ti gbọ́ ìró ọ̀pá lórí òkúta. Obìnrin kan tí ó ti tó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ń rìn bọ̀ níwájú. Àrìnpé mọ̀ ọ́n kí ó tó sún mọ́ tòsí, nítorí ó ti ń sá fún ojú náà láti ìgbà èwe rẹ̀. Màmá Ojúọlápé ni, ará Ìdó-Àpáta, opó Ajékìígbé.

Àálè tí Ọnàdélé ṣe kì í ṣe àwòṣe amọ̀ nìkan nígbà náà. Ó ti fi idẹ rọ ọ́, ó ga bí igi ọ̀pẹ, wọ́n sì gbé e dúró sẹ́nu kòtò ní ọdún àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyìn. Ní ọdún kẹta, Ajékìígbé àti ọkùnrin méjì mìíràn kọjá lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, wọ́n wú irin dídán kan, wọ́n sì gbé e wálé. Ènìyàn méjìdínlógún ló bá a lọ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Wọ́n hú àálè idẹ náà, Ọnàdélé kò sì gbẹ́ ohunkóhun mọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì láàárín orúnkún, ó ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá yà kí i pé òun pe olè wá sídìí ikú. Lórí gbólóhùn yẹn ni ọmọ rẹ̀ gbé gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ kà. Ó kọ ìwé lé e lórí láti gboyè ní yunifásítì. Ó fi hàn nínú rẹ̀ pé ohun iyebíye ni a ń so àálè mọ́, nítorí náà, ẹni tó bá so àálè mọ́ májèlé ti pariwo fún ayé pé ìṣúra wà níbẹ̀. Ó gbà pé àṣìṣe baba òun kò ju èyí lọ: ó ya àmì tó ń sọ òdìkejì ohun tó ní lọ́kàn.

“Ìwọ ọmọ Ọnàdélé,” ni Màmá Ojúọlápé wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Wọ́n ní o kọ ìwé ńlá nípa ọkọ mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, n kò dárúkọ yín níbẹ̀.”

“Ìdí tí kò fi pé nìyẹn. Ajékìígbé kì í ṣe olè.”

Ó fi ara ti ọ̀pá rẹ̀, ó sì rò ó fún gbogbo wọn láìgbé ohùn sókè. Ó ní nígbà tí ọkọ òun kọ́kọ́ rí àálè ńlá náà, kò gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Àálè ni àálè ń jẹ́, ó sì padà sílé. Ó ní kí akéde bá òun béèrè káàkiri ìlú fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta gbáko pé ta ló ni ohun tó wà nídìí òkè. Kò sí ẹni tó jáde. Ó rìn lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó kọ́ Ààrò, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, koríko ti hù lórí àtẹ̀gùn. Ó lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba, wọ́n sì ń tì í láti orí tábìlì kan sí òmíràn, títí ẹni keje fi wò ó nínú ìwé, tó ní kò sí orúkọ ẹni tó ni ín níbẹ̀. Ó wálé, ó ní kí òun gbé oúnjẹ fún un.

“Nídìí oúnjẹ náà ni ó ti sọ ọ́,” ni Màmá wí. “Ó ní, ‘Àálè tí kò lólúwa, àkísà lásán ni.’ Ó jẹun tán, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wá mú ọkọ́.”

Ó kọjú sí Àrìnpé.

“Ó ka àálè baba rẹ dáadáa, ọmọ mi. Kò ṣì í kà rárá. Ohun tí àálè náà ní kí ó béèrè ni ó béèrè. Àwa tó yẹ ká dáhùn ni kò dáhùn.”

“Àwa kẹ̀, mà?”

“Èmi náà gbọ́ akéde. Mo ti gbọ́ òfófó pé ohun tó wà níbẹ̀ kò dára. Mo ní kì í ṣe tèmi láti sọ, pé àwọn tó ni ín yóò sọ ọ́.”

Ó yẹ kí inú Àrìnpé dùn. Baba rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ọwọ́ tí ó rọ idẹ náà kò ṣàṣìṣe, ó ti sọ ohun tí ọnà lè sọ, ó sọ ọ́ yékéyéké, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún sì gbọ́. Nǹkan bí ogójì ọdún ni òun ti ru ìtìjú yìí kiri. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un pé ẹrù náà kì í ṣe tirẹ̀, bí ó sì ti sọ̀ ọ́, òmíràn ni ó bá nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ó wúwo jù ú lọ. Gbogbo ayé rẹ̀ ni ó fi gbà pé lẹ́tà ni iṣẹ́ ọnà, tí a kọ sí ẹni tí kò ní fèsì, àti pé bí ẹni tó kọ ọ́ bá já fáfá tó, ó ti bọ́. Kò rò ó rí pé ẹni tó gba lẹ́tà náà ni yóò fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ padà. Kí ni irin, kí ni amọ̀, kí ni ìgbálẹ̀ àti ìkarahun lè fi dáhùn? Bí kò bá sì sí ohun tí wọ́n lè fi dáhùn, kí ni wọ́n pe agbẹ́gilére wá ṣe lórí òkè yìí? Ó gbìyànjú láti to èrò náà ní ẹsẹẹsẹ, kò tò. Bí ó bá ti di èyí mú, ìyẹn á bọ́.

“Ta ló ni ín?” ni Ọmọ-Wa béèrè ní ìgbà kejì.

Àrìnpé bá ara rẹ̀ níwájú òkúta dúdú náà láìmọ ìgbà tó rìn débẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ alága bóyá ìgbìmọ̀ lè gba ti òun nìkan, títí òun yóò fi kú, láìkan ẹnikẹ́ni tó ti ara òun jáde. Alága mi orí. Kò fi ìbínú sọ ọ́: ó ní ọgọ́rin ọdún kọ́ ni eérú yóò lò, òfin kò sì lè gba ẹni tí ohun ìní rẹ̀ yóò sin ín. Ó wá ka apá tó kù nínú ìwé, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìbéèrè kẹta bá tún kọjá láìsí èsì. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọn yóò dí kòtò pa láìsí àmì, wọn yóò wó gbọ̀ngàn yìí, wọn yóò sì pa orúkọ Òkè-Àdàbà rẹ́ kúrò nínú gbogbo àwòrán ilẹ̀ àti gbogbo ìwé, kí ayé lè gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní lọ síbẹ̀. Méjì nínú àwọn ìgbìmọ̀ fara mọ́ ọn pé bẹ́ẹ̀ ni ó dára jù.

Àrìnpé rántí ilẹ̀ títẹ́jú tó gbé kalẹ̀ láàárọ̀. N ó gbin nǹkan síbí.

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó kù ìka kan kí ó kan òkúta náà nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti Ìbídùn pàdé. Kò sí ìbínú lójú ọmọ náà, ó kàn ń wò ó ni. Àrìnpé ronú pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń jà lé lórí nínú gbọ̀ngàn yìí, ìlérí tí òun ṣe nínú ọkọ̀ okùn ni ohun kan ṣoṣo tí ó dá òun lójú pé òun ló ni ín. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ohun tó tọ́ ni òun ṣe, kò sì rí ẹni tí ó lè bi.

Ìbídùn fi àpò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó rọra rìn wá, kò kọjú sí ìgbìmọ̀, kò kọjú sí ìyá rẹ̀. Iwájú Àlejò ni ó dúró sí.

“Bí a bá dá ọ lóhùn ńkọ́?” ni ó bi ẹ̀rọ náà.

“Bí ẹnìkan bá wà níbẹ̀ tó ní tòun ni, n ó bi í pé kí ni.”

“Bí ó bá ní ikú ni?”

Àlejò ní, “N ó wò ó bóyá òun náà ń wọ ibẹ̀. Bí kò bá ń wọ ibẹ̀, n ó gbà á gbọ́. N ó padà.”

“Bí kò bá wá sí ẹnikẹ́ni?”

“N ó wọlé,” ni Àlejò wí, láìṣiyèméjì rárá.

Ìbídùn fi ìka kan ìlẹ̀kẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Aláwọ̀ aró ni ó ṣì jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́bàá òkúta náà. Àrìnpé la ẹnu. Ọmọ rẹ̀ mi orí fún un.

“Ẹ má yẹ ìlérí yín, Màámi,” ni ó wí jẹ́jẹ́. “Ẹ má dáhùn.”

Arúgbó tí gbogbo wọn ń pè ní Ọmọ-Wa tún dọ̀bálẹ̀, láti béèrè fún ìgbà kẹta. Níwájú aboyún náà ni ó dọ̀bálẹ̀ sí lọ́tẹ̀ yìí, irùngbọ̀n rẹ̀ kan ilẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì le bíi ti ìṣáájú. Ó jọ bí ẹni tó ń béèrè nítorí pé kò mọ̀ ọ́n ní tòótọ́.

“Ta ló ni ín?”

Ìbídùn gbé ọwọ́ ọ̀tún lé òkúta dúdú náà. Òtútù rẹ̀ mú un, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì tún gbé e lé e. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò kúrò lórí ikùn. Ó wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tó sọnù lójú ọ̀nà ṣe ń wo ẹni tí wọ́n jọ sọnù, kò sì sí èyí tó lè fi ọ̀nà han ẹnìkejì nínú àwọn méjèèjì.

“Tiwa ni,” ni ó wí.